Owó Mwashuma Tó Kú Lóṣù Kẹfà

Ọdún tí ìjọba káúńtì, tó dà bí ìjọba ìpínlẹ̀, bẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe gbogbo ṣílè ilẹ̀ wa ló ń sùn sí Nairobi mọ́, ni Nyambu ti ìwé ilẹ̀ abúlé Mwashuma bọ abẹ́ ẹní rẹ̀. Kò jí i. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn: wọ́n gbé ìwé wá fún òun, wọ́n ní kí òun fọwọ́ sí i, òun ò fọwọ́ sí i, òun ò sì dá a padà. Ta ló ń pe ìyẹn ní olè? Àmọ́ olè tó bá kó gbogbo màlúù abúlé lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò tíì gba ohun tó tó èyí lọ́wọ́ wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Mwashuma wà lórí òkè, nínú kùrukùru. Ìlú tí dókítà wà, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá títì ńlá ló wà, ìrìn wákàtí mẹ́ta fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ káúńtì wá béèrè ohun tí abúlé fẹ́ kí owó wọ́ọ̀dù ṣe fún wọn, ẹnu kan ni gbogbo wọn fi dáhùn: ilé ìwòsàn, kódà bó jẹ́ yàrá méjì péré. Ó ku ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, níbi tí abúlé mẹ́sàn-án ti ń fa owó kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nyambu gbá kóòtù rẹ̀ mọ́ra, ó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun. Òun ni àgbà nínú ìdílé tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ẹni tó kàwé ni ká rán o. Kì í ṣe ẹni tó jẹ́ pé kíláàsì kẹrin ló ti kí ilé ìwé pé ó dàbọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n yan Maghanga, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀.

Nyambu kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Òun kọ́ ló kí ilé ìwé pé ó dàbọ̀. Bàbá rẹ̀ ló fà á yọ kó lọ máa da màlúù, nítorí bàbá Maghanga kú, ó sì fi ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Màlúù tí Nyambu ń dà ni wọ́n ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan tí Maghanga fi kàwé dé girama. Ẹni tó rìn lẹ́yìn màlúù, kíláàsì kẹrin ló dúró sí. Ẹni tó jẹ màlúù náà ni wọ́n wá ń pè ní ọ̀mọ̀wé.

Ká sọ òótọ́, Maghanga ṣe é dáadáa. Ó bá abúlé mẹ́jọ jà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí, ó sì gba mílíọ̀nù mẹ́ta ṣílè sínú ìwé ìnáwó ọdún náà fún Mwashuma. Ó wá ku ohun kan. Káúńtì kì í to bíríkì lé ilẹ̀ onílẹ̀. Àgbà mẹ́rin nínú ìdílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé pápá tó wà nísàlẹ̀ ilé ìwé ti di ti gbogbo abúlé. Mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Ti Nyambu ló kù.

Ọlọ́kadà ni Maghanga fi ìwé náà rán. Ọkùnrin náà kó agolo tàdáwà pẹlẹbẹ kan dání pẹ̀lú rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní kí ẹ ti ìka bọ ibí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí."

"Ta ló ní?"

"Ọ̀gá Maghanga."

"Ó sọ fún ọ pé mi ò lè kọ orúkọ mi?"

"Èmi ò mọ nǹkan kan o, bàbá. Epo ni wọ́n bá mi rà."

"Gbé e sílẹ̀. Kí ẹni tó rán ọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

Nyambu mọ orúkọ rẹ̀ kọ. Kíláàsì mẹ́rin tó ṣe, tíṣà máa ń gbé ìwé rẹ̀ sókè kí àwọn yòókù wo bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ó jókòó, ó wo roboto tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà sílẹ̀ de àtàǹpàkò òun, ọkàn rẹ̀ sì le bí òkúta. Ó ní kí Wawuda, ìyàwó rẹ̀, pọn ọtí ìrèké. Nígbà tí Maghanga bá wá bẹ òun, kó má baà sọ pé òun ò ṣe é lálejò.

Ọtí kan, Nyambu mu ún tán fúnra rẹ̀. Wọ́n pọn òmíràn.

"Bàbá Saru," Wawuda wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí nǹkan yìí, kí ẹ fi ránṣẹ́."

"Kí wọ́n wá bẹ̀ mí."

"Bí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"Wọ́n á wá. Ṣé owó ìjọba ń sá lọ ni? Màlúù tí wọ́n so mọ́gi ni. Ìgbà tó bá wù mí kí n tú u, ibẹ̀ náà ni n ó bá a."

"Èmi ò mọ̀ nípa ti ìjọba o. Mo kàn mọ̀ pé àyà mi ò dáa lóṣù òtútù yìí, ó sì rẹ̀ mí láti máa rìn dé ìsàlẹ̀."

Ohun tí Nyambu kò mọ̀ nígbà náà, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà ló gbọ́, ni pé ọlọ́kadà ti ná owó epo tí wọ́n fún un láti gbé ìwé náà dé ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù. Nígbà tí Maghanga bi í, ó ní, "Mo ti gbé e dé ọ̀hún, bàbá, wọ́n ti gbà á." Lọ́sẹ̀ kejì, ó gba Mombasa lọ. Nítorí náà Maghanga kò wá. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń retí òun.

Oṣù kẹfà parí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje, ọ̀rọ̀ Wawuda bá ọkàn Nyambu níbi tó rọ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé náà, gbooro, ó dára, ó sì rọra rìn lọ sí ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ kò tilẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti Mwashuma? Háà, bàbá. Ẹ ti pẹ́."

"Ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo pẹ́?"

"Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ni ọdún owó máa ń kú. Owó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ náà, inú àpò ńlá ló ń padà sí."

"Ẹ mú un jáde padà."

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Bàbá, ṣebí ẹ máa ń pín omi ojú gọ́tà rin oko lókè yín? Tó bá kan yín lọ́jọ́ Túsìdeè, tí ẹ ò ṣí ẹnu oko yín, ṣé omi á dúró dè yín di Wẹ́sìdeè? Oko ẹlòmíràn ló ń lọ. A ti gbọ́ pé wọ́ọ̀dù kejì ń bẹ̀bẹ̀ fún òrùlé ọjà."

Nyambu fa ìwé náà ya sínú àfonífojì lójú ọ̀nà, wẹ́wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ. Àsìkò tó lè sọ òótọ́ kó tó wúwo nìyẹn. Kó tó délé, Maghanga ti jókòó síwájú ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé. Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó dé."

"Ẹ fọwọ́ sí i?"

"Mo fọwọ́ sí i." Òótọ́ ni ìyẹn.

"Ẹ wá fún ọlọ́kadà?"

"Ta ni kí n tún fún? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo rán an ni?"

Maghanga mi orí. "Bí ọ̀rọ̀ tàdáwà yẹn bá dùn yín, ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ọ́fíìsì ló ń kó o tẹ̀ lé ìwé. Èmi gan-an alára, ìka ni wọ́n ní kí n tẹ̀."

Nyambu wọlé, ó sì jókòó sórí ẹní tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí òrùlé ọjà wọ́ọ̀dù kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dán lójú oòrùn, tí èèyàn lè rí i láti orí òkè, Mwashuma wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi náà rù. Ta ló lọ sí ìpàdé? Ta ló mọ àwọn ará ọ̀hún? Wọ́n ní Maghanga ti gba owó lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, àwọn kan ní ọgọ́rùn-ún. Nínú gbogbo ohùn tó dìde sí Maghanga, ti Nyambu ló ga jù. Bó bá dákẹ́, ẹnì kan lè béèrè ìdí tó fi dákẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, kò nílò ìdí mọ́. Ìbínú náà ti di tirẹ̀.

Wawuda nìkan ló mọ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣíwọ́ láti máa pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Saru. "Ẹ gbọ́" ló máa ń pè é.

Ọdún kẹrin, oṣù keje, òtútù bo òkè, àyà Wawuda dí ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí wọ́n tó dáná tíì. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, Nyambu jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá a mọ́ra kó má baà jábọ́. Ó ń gbọ́ bí èémí náà ṣe ń wá, tíntín, bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn gba ojú abẹ́rẹ́. Kọ́nà méje ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Ní kọ́nà karùn-ún, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò sọ fún ọlọ́kadà. Wọ́n rìn dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbi sàréè, Maghanga bu erùpẹ̀ lọ́wọ́ láti dà á lé òkú. Nyambu gbá ọwọ́ rẹ̀.

"Kúrò níbí! Ìwọ lo pa á! Ilé ìwòsàn tí ì bá gbà á là, o ti tà á!"

Erùpẹ̀ náà tú sí bàtà Maghanga. Gbogbo abúlé rí i. Maghanga gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó yí padà, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú lẹ́yìn ọdún méjì, èèyàn mẹ́fà ló gbẹ́ sàréè, káúńtì kejì ni méjì nínú wọn ti wá.

Ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn tí owó náà kú ni káúńtì tún fẹ́ kọ ìwé ètò ọlọ́dún márùn-ún tuntun, wọ́n sì pe ìpàdé sí kíláàsì kan ní ilé ìwé Mwashuma. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni, kùrukùru ṣì fara mọ́ fèrèsé. Nyambu jókòó síwájú, lórí bẹ́ǹṣì tó kéré fún un. Saru, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó fi ìborùn bo imú. Àyà ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mọ́ òun náà. Òun kan ṣoṣo ló kù fún Nyambu nílé. Ìwé orúkọ ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tíì àti búrẹ́dì ìpàdé ń tẹ̀ lé e.

"Tí mo bá fọwọ́ sí èyí, wọn ò ní sọ lọ́la pé mo gbowó?" ni ìyá arúgbó kan bi.

"Búrẹ́dì lẹ gbà, ìyá," ni Mkanyika fún un lésì. Mkanyika ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ kọ 'búrẹ́dì' sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ káúńtì tó wá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Shali, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ohun ńlá kan ṣoṣo ni abúlé kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, kò sí ṣílè kan tó máa kàn án fún ọdún márùn-ún. Ẹ bá gómìnà jẹun lójoojúmọ́, kò ní kàn án."

"Àwọn tó wà nínú ìwé gan-an ńkọ́?" Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni Kisombe, tí erin ti jẹ àgbàdo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Mo gbọ́ pé ẹ ò tíì sanwó àwọn tó la ọ̀nà ọdún tó kọjá."

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Owó Nairobi kì í tètè dé. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin lè kọjá, owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì la sì kọ́kọ́ ń san. Tẹni tó bá wà lórí ìwé lè pẹ́. Tẹni tí kò sí níbẹ̀, kò lè dé rárá."

"Ó dáa. Kọ wáyà erin síbẹ̀. Wáyà oníná, kó gba ìsàlẹ̀ oko wa kọjá."

"Ilé ìwòsàn!" ni ìyá arúgbó yẹn pariwo.

Shali ṣí fáìlì kan. Ojú ń tì í díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni mo ní láti sọ. Orúkọ Mwashuma ní àmì kan ní ọ́fíìsì wa. Wọ́n kọ ọ́ pé: 'Wọ́n fún wọn lówó ilé ìwòsàn, wọ́n kọ̀ láti yọ̀ǹda ilẹ̀, owó padà.' Nígbà ìwé tó kọjá, ẹ tún béèrè, ṣé ẹ rántí? Àmì yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi pa yín rẹ́. Bí kò bá kúrò, wọ́n á tún pa yín rẹ́."

Kíláàsì dàrú. "Àwa? Àwa kọ̀?" "Ta ló kọ irọ́ yẹn?" Mkanyika dìde dúró. "Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ jókòó síbẹ̀ yẹn! Ẹ bi í!"

Gbogbo ojú yí sí kọ̀rọ̀ níbi tí Maghanga dá jókòó sí. Ó ti gbẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà bíi pé orí àga ni wọ́n fi kọ́. Ó gbé ara rẹ̀ sórí ọ̀pá, ó dìde.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Shali, "kí ló lè mú àmì náà kúrò?"

"Kí ìpàdé yìí sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnì kan dá a lábàá, kí ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn. Kí ẹ sì ní ilẹ̀ mìíràn tí ìwé rẹ̀ mọ́."

"Mo ní ilẹ̀. Oko mi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Èmi nìkan ló ni ín, mi ò nílò ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni. Ẹ mú un."

"Ká mú un kí o tún tà á mọ́ wa lẹ́yìn?" ni Kisombe bi. "Ẹja kì í jẹ ìwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bàbá. Wáyà ni tiwa."

"Ọmọ tiẹ̀ gan-an ti fìdí kalẹ̀ sí ìlú Taveta, kò ní wá jogún rẹ̀, ló ṣe ń fi tọrẹ," ni Mkanyika fi kún un. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Maghanga dúró títí ẹ̀rín náà fi tán. Ó jọ pé ó ti mọ bó ṣe máa ń gùn tó.

"Kọ̀wé, ọmọ mi," ó wí. "Kọ ọ́ pé abúlé ò kọ̀. Kọ ọ́ pé èmi ni. Mo gbowó lọ́wọ́ àwọn ará wọ́ọ̀dù kejì, mi ò fi ìwé ilẹ̀ ránṣẹ́."

Ẹni tó ń bu tíì dáwọ́ dúró.

Shali kò tíì gbé bírò. "Bàbá, bí mo bá kọ ìyẹn, ó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wádìí jìbìtì. Wọ́n lè wá mú yín."

"Kí wọ́n yára o. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ò ní rí Kérésìmesì."

"Ẹ ò rí i!" Mkanyika pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ọdún mẹ́sàn-án! Ó ti jẹ́wọ́!" Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ga bó ṣe yẹ kó ga, ó wo yíká bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú agbára, tó sì bá a ní ṣíṣí.

"Ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn," ni olóyè àdúgbò sọ láti orí àga tíṣà. "Maghanga ló dá a lábàá. Ta ló kín in lẹ́yìn?"

"Bàbá Nyambu ni kó kín in," ni Kisombe wí. "Òun ni wọ́n ṣẹ̀ jù. Bí òun bá gbà, èmi náà á fi wáyà sílẹ̀."

"Òótọ́ lo sọ. Bàbá Nyambu."

Maghanga ti tẹ ọ̀pá rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì iwájú. Ó jókòó ti Nyambu, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ sàréè. Ó rùn bí oògùn.

"Ẹ kín in, ẹ̀gbọ́n," ó wí jẹ́jẹ́. "Kó tán. Ẹ wo Saru bó ṣe ń mí."

"Kí ló dé tí o fi ń parọ́ mọ́ ara rẹ?" Nyambu kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Maghanga yí ojú sí i. Kò yà á lẹ́nu. Àárẹ̀ nìkan ló wà lójú rẹ̀. "Ṣé irọ́ ni? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n. Nígbà mìíràn mo máa ń jí, n ó máa ronú ibi tí mo kó owó náà sí."

Nyambu wo ọwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, "Mo kín in," ilé ìwòsàn á sì wọ ìwé, Saru á ní ibi tí wọ́n á gbé e lọ lóṣù òtútù, Maghanga á kú, ilẹ̀ á bo gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wawuda ti lọ, ìwé ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Wọ́n ti gbé e wá fún un tán, wọ́n ti sè é, wọ́n ti bù ú. Kó ṣí ẹnu nìkan ni.

Inú ló wá ń bí i. Inú ń bí i sí Maghanga, ìbínú àtijọ́ yẹn, tó mọ adùn rẹ̀ bí èèyàn ṣe mọ adùn itọ́ ẹnu ara rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti gba owó ilé ìwé rẹ̀. Ó ti gba ipò rẹ̀ ní ìpàdé. Ó tún wá, lónìí, lójú gbogbo abúlé, ó fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì kú gẹ́gẹ́ bí ẹni rere. Ohun kan ṣoṣo tí Nyambu fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láyé yìí tí ó kan gbogbo abúlé, orúkọ Maghanga ni wọ́n fẹ́ kọ sí i.

Nígbà tó sì ń bínú bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ èémí Saru lẹ́yìn rẹ̀, tíntín, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe Maghanga ni òun ń bínú sí.

"Bàbá?" Shali gbé bírò. "Ẹ kín in lẹ́yìn?"

Nyambu dìde. Orúnkún rẹ̀ gbá tábìlì kékeré tó wà níwájú rẹ̀.

"Mi ò kín in."

"Haà!" Mkanyika lu itan. "Ọkùnrin yìí ti jẹ́wọ́, bàbá! Kí lẹ tún ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kó tún kúnlẹ̀ ni?"

"Kò gba owó kankan."

"Ta ni?" ni Mkanyika bi.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," Maghanga wí, ó di apá kóòtù Nyambu mú. "Ẹ jókòó, kò sí ohun tó máa yí padà mọ́."

"Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé náà wà," Nyambu sọ fún tábìlì.

Àwọn tó wà níwájú gbọ́ ọ. Olóyè gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ là. Shali gbọ́ ọ, kò sì tíì mọ ohun tí ó jẹ́. Láti ẹ̀yìn, ìyá arúgbó náà pariwo, "A ò gbọ́ níbí o! Kí ni bàbá wí?"

"Ẹ gbóhùn sókè!" ni ẹlòmíràn wí.

Ó ṣì lè jókòó. Ó lè ní òun sọ pé ìwé náà kò sí lọ́dọ̀ òun. Ó yí ojú padà, ó fi ẹ̀yìn sí olóyè, ó kọjú sí àwọn bẹ́ǹṣì. Saru ti ṣí ìborùn kúrò nímú. Ojú Wawuda ni, ó ń wò ó, ó ń dúró, kò pè é ní nǹkan kan.

Nyambu gbé ohùn sókè, bó ṣe máa ń gbé e sókè nígbà tó bá ń bú Maghanga.

"Mo ní ọ̀dọ̀ mi ni ìwé ilẹ̀ wà! Wọ́n gbé e wá fún mi, mo fi pamọ́, mo ń retí kí ẹ wá bẹ̀ mí, títí oṣù kẹfà fi parí, tí owó fi lọ. Mo fà á ya. Mo parọ́ fún Maghanga pé mo ti fi ránṣẹ́. Mo parọ́ fún gbogbo yín. Ìyá ọmọ mi kú sí mi láyà lójú ọ̀nà, mo sì lọ lé ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ kúrò níbi sàréè rẹ̀. Kì í ṣe Maghanga. Èmi ni. Èmi Nyambu ni mo ṣe é."